Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ

Ẹni tí wọ́n bá gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀, kó má rò pé ó ti parí o, àrùn yìí máa ń padà wá gan-an, láàárín ọdún 5 ó lè padà sára bíi èèyàn 7 nínú 10, ọdún 2 àkọ́kọ́ ló sì burú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ṣe é fún, èmi ni mo máa ń tẹ̀lé e lọ sí làbù, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

AFP ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń gbé sókè, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ sì ti ṣe é, torí bẹ́ ò bá mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi wé tuntun? Ká ní 800 ni, tí dókítà sì gé gbogbo ẹ̀ tán, bíi ọjọ́ 5 sí 7 ló máa ń fi dín sí ìdajì, 800 á di 400, 400 á di 200, títí á fi wọ ìsàlẹ̀ 10, kò sì yẹ kó ju oṣù 2 lọ. Tó bá dúró sójú kan ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣì kù síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé kan, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, làbù, nọ́ńbà, àti ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì o! Làbù kan ní Mókọ́lá kọ 10 fún ẹ̀gbọ́n mi, oṣù tó tẹ̀ lé e a lọ sí òmíràn ní Ring Road, wọ́n kọ 12, ìyàwó ẹ̀ ò sùn lóru ọjọ́ náà, àfìgbà tí dókítà wo ìwé méjèèjì tó ní IU/mL nìkan ni àwọn ti àkọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n, àwọn kejì lo ng/mL, 10 tibí ni 12 tọ̀hún. Làbù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ dì mú.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí kì í gbé AFP sókè náà wà, kò kéré rárá, torí náà ẹ béèrè PIVKA-II mọ́ ọn, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ míì tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, àmọ́ tẹ́ni náà bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ, oògùn yẹn máa ń gbé e sókè lásán. Skáànù ò sì gbọdọ̀ dúró, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́fà-mẹ́fà fún ọdún 2.

Tó bá jẹ́ hẹpatáítìsì B ló fà á, ẹ yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wò, HBV DNA ni wọ́n ń pè é, kẹ́ni náà má sì dá tenofovir ẹ̀, oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà rì, dúró fúnra ẹ̀, kódà tára bá le koko. Kòkòrò yẹn tó bá jí, òun náà lè gbé AFP sókè, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe ALT mọ́ ọn, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá nǹkan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Tí nọ́ńbà bá gòkè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gbé ìwé yín lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, torí tó bá ṣì kéré, wọ́n lè tún un gé tàbí kí wọ́n fi iná jó o.