Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Kí Iná Sólà àti Iná Ìjọba Bára Mu Nínú Ilé Kan Náà

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi multimeter, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ iná wò, wọn iná ìjọba ní ọ̀sán àti ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó. 230 volt ló yẹ kó jẹ́. Bí ti alẹ́ bá máa ń já wálẹ̀ sí 170, ẹ nílò stabilizer. Inverter yín gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba, nítorí èyí tó dín owó jù ú lọ máa ń mú kí fáànù kùn, kí mọ́tò fíríìjì sì gbóná.

Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná n'Ìbàdàn fi ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á ya wáyà live, èyí tó ń gbé iná wá, ti inverter sọ́tọ̀, wọn á wá fi neutral rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ti iná ìjọba, kí wọ́n má baà fa wáyà tuntun. Gílóòbù á máa ṣẹ́jú, inverter á máa kú fúnra rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ máa ń jóná. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lórí èyí. Ẹ pa main switch àti inverter, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú socket, kí ẹ sì tú wáyà tó wọ inverter àti èyí tó jáde, torí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, neutral méjèèjì so pọ̀ láti inú. Ẹ wá yí multimeter sí ibi tó ti máa ń dún bí wáyà méjì bá so pọ̀, kí ẹ fi kan neutral méjèèjì tí ẹ tú. Bí ó bá dún, wọ́n ti pàdé níbì kan nínú ògiri. Ẹ máa tú neutral ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní dún mọ́. Gílóòbù ìta àti ti àtẹ̀gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so neutral mọ́ earth, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, nídìí socket: lọ́jọ́ tí neutral bá já, ara fíríìjì á máa gbé iná. Ẹ ri ọ̀pá earth síbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà, torí pé ilẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, agbára earth á sì dínkù. Iyọ̀ tí àwọn kan ń dà sí i máa ń jẹ ọ̀pá náà; èédú lílọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ, kò sì wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá dá wáyà padà, ẹ ṣètò inverter kó kọ iná tó bá ju 250 volt lọ tàbí tí kò tó 180, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó gba iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí ó sábà máa ń lọ sókè sódò.