Tí orúkọ bàbá ńlá bá dí yín lọ́nà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ n'Ìbàdàn, tí ọ̀nà dí, kó fi sọ́nééèmù sílẹ̀ ná. Ọmọ bàbá kan náà lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹnì kan mú orúkọ bàbá, èkejì mú èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéú. Agbo ilé ni kẹ́ ẹ bèèrè, àti oríkì orílẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin ilé ló mọ̀ ọ́n kì jù (nígbà míì, wọ́n ju Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé gan-an lọ). Ẹ má bi wọ́n ní ọdún ìbí bàbá ńlá yín o. Ẹ ní, "Ṣé wọ́n ti bí bàbá ńlá wa kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn?" Ọdún 1901 nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó lọ síbi àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn.