Sitédíọ̀mù ni wọ́n ní ká béèrè: bí a ṣe yẹ pápá àdúgbò wa wò ní Igbogbo

Ìjà ló bí ìgbìmọ̀ wa. Àwọn ọmọ tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì lórí pápá àdúgbò, àti àwọn ìyá tó ń ṣe eré ìdárayá létí pápá kan náà, ni wọ́n forí gbárí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Bọ́ọ̀lù ba màmá kan láyà, màmá gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ ìró, ó ní ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó wá gbà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, alága ní kí a kọ̀wé sí káńsù pé pápá wa kò tó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọléèwé ní eré sísá, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ta ló kà á tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé kò tó?"

Ẹni tó bá béèrè irú ìbéèrè yẹn nípàdé, òun náà ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Bí Bàbá Tíṣà ṣe di olórí ìgbìmọ̀ nìyẹn. Wọ́n fi aṣojú àwọn obìnrin tì í, wọ́n fi kóòṣì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù kún un, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń ṣojú àwọn ọ̀dọ́. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé èmi ni mo ní láptọ́ọ̀pù.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ní èsì lẹ́nu kí a tó bi wọ́n ní nǹkan kan: sitédíọ̀mù. Wọ́n ní Ikorodu City, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbègbè wa, gòkè sí NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, ní 2024, síbẹ̀ Onikan ló ń lọ, ní pápá Mobolaji Johnson, kó tó lè gba àlejò lálejò. Mi ò bá wọn jiyàn, ọ̀rọ̀ náà ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ líìgì lọ́tọ̀, ti ọmọ ọdún mọ́kànlá tó fẹ́ sáré lẹ́yìn iléèwé lọ́tọ̀. Sitédíọ̀mù á ní géètì, géètì á ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ẹnì kan, àwọn ọmọ wa á wá máa yọjú wo koríko láti ẹ̀yìn ògiri.

Bàbá Tíṣà ní kí a má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó fẹ́, ohun tó ṣe ni kí a bi í. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé tí a gbé káàkiri: níbo lẹ ti ṣeré kẹ́yìn, aago mélòó ni, kí ló sì lé yín kúrò níbẹ̀? Ìkẹta yẹn ló tú àṣírí. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ló ṣú. Òmíràn ní omi wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn bùọ̀dá lé àwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dá wa lóhùn pé wọ́n ta kánópì síbẹ̀, wọ́n ń ṣe òkú bàbá ẹnì kan. Nínú gbogbo èsì wọ̀nyí, kò sí èyí tí sitédíọ̀mù máa wò sàn, yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í kà. A pín wákàtí láàárín ara wa, ẹni tó bá kàn á jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á fa ìlà sínú ìwé: ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọmọdé, ohun tí kálukú ń ṣe. Iṣẹ́ tó ń súni ni, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí pápá nílò, tí kò jókòó tì í láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, àbá lásán ló ń dá. Láàárọ̀, kó tó di aago mẹ́jọ, àwọn àgbà ló ń rìn yí i po, àwọn tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ iléèwé á lo apá kan, ìyókù á ṣófo. Láti aago méjì sí mẹ́rin, oòrùn ló ni pápá. Nígbà tó bá wá di aago mẹ́rin, gbogbo ayé á dé: àwọn ọmọ kóòṣì, àwọn onísẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú mọ́ńkì pósítì (góòlù kékeré) wọn, àwọn ìyá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́, títí kan ọkùnrin kan tó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà láàárín wọn. L'Ékòó níbí, kò sí oṣù tí oòrùn ń pẹ́ kọjá aago méje lọ títí kó tó wọ̀. Wákàtí mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ń jà sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé kì í ṣe pápá ló wọ́n wa tó bẹ́ẹ̀, wákàtí ni.

Síbẹ̀, a ní láti wọn ilẹ̀. A yá téèpù gígùn lọ́wọ́ birikilà kan, a fi okùn ìránṣọ àti èèkàn pa igun pápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin bọ́ọ̀lù gbà kí pápá gùn láti mítà 90 sí 120, kó sì fẹ̀ láti 45 sí 90. Èyí tí wọ́n máa ń fẹ́ fún ìdíje ńlá ni 105 sí 68. Nígbà tí mo sọ èyí nípàdé, ojú àwọn ènìyàn kàn ń wò mí ni, títí mo fi sọ ọ́ di púlọ́ọ̀tì. Púlọ́ọ̀tì tiwa níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Pápá 105 sí 68 jẹ ju púlọ́ọ̀tì mẹ́wàá lọ. Gbogbo ilé pariwo. Àwọn lánlọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ mọ iye tí púlọ́ọ̀tì kan ń lọ ní Igbogbo lóde òní, wọ́n sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé mẹ́wàá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni ká dì mú. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó sọ ìwọ̀n ní èdè tí lánlọ́ọ̀dù gbọ́.

Ohun tí a wọ̀n jẹ́ mítà 104 sí 66. Bàbá kan nínú ẹbí tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìlú láyé àtijọ́ wá mú ìwé sọ́fè jáde látinú báàgì ọ̀rá, ìwé náà ti pọ́n bí ewé kòkó. Mítà 126 ló wà nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì, èmi àti kóòṣì, wo ara wa. Mítà 22 ti lọ níbo?

Kò lọ jìnnà. Ní ẹ̀yìn góòlù apá ìsàlẹ̀, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti kó yanrìn jọ, búlọ́ọ̀kù wà ní ìlà lẹ́sẹẹsẹ, kọ̀ńténà kan tí wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni egungun dánfó kan tí ewéko ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń mọ ọ́n ń bínú, Bàbá Tíṣà ń fi ọwọ́ tù ú lójú. Lábẹ́ òkìtì kẹta ni a ti rí òpó sìmẹ́ǹtì kúkúrú tí wọ́n fi pa ààlà, nọ́ńbà sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Mo fi ìka nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀: nọ́ńbà kan náà tó wà nínú ìwé ni. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò, ẹni tó bá kó búlọ́ọ̀kù lé ilẹ̀ ló ni ín, títí ẹnì kan á fi mú ìwé jáde.

Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ó ní ẹnì kan ló gba owó lọ́wọ́ òun tó sì ní kí òun máa lò ó. Ta ni ẹni náà? Ó dákẹ́. A kò fi ipá bi í, nítorí pé orúkọ tó máa dá kò ní tún pápá ṣe.

Omi ni mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lé díẹ̀. Ní oṣù Òkúdù tí òjò ń pa ilẹ̀ bí ẹni ń lù ú, igun kan lára pápá wa máa ń di odò, àwọn ọmọ á sì sún góòlù síwájú. Gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ náà ló burú. Bàbá Tíṣà ní kí a gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí igun yẹn, kí a gbẹ́ òmíràn sí àárín pápá, kí a da omi kún méjèèjì, kí a ki rúlà ọmọléèwé bọ̀ ọ́, kí a máa wo aago. Àárín pápá fa omi mu láìjanpata. Ti igun náà kàn dúró, bí ẹni pé inú agbada la da á sí. Ọkọ̀ tó ń já yanrìn ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, táyà rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ náà pọ̀ di òkúta. Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé nígbà tí wọ́n tún títì ṣe, wọ́n gbé e ga ju pápá lọ, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì sì dí. Omi títì kò ní ibòmíràn láti lọ ju ọ̀dọ̀ wa. Kò sí koríko olówó ńlá tó máa yanjú ìyẹn. Gọ́tà ni kí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n tu ilẹ̀ igun náà, kí wọ́n sì mú àárín pápá ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan tó. Láti àárín dé ẹ̀gbẹ́ tiwa jẹ́ mítà 33, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 33 ni, ìwọ̀nba ohun tí rúlà ọmọléèwé kan lè wọ̀n tí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Òpó góòlù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mítà 7.32 ló yẹ kó fẹ̀, 2.44 ló yẹ kó ga. Tiwa kò pé, irin òkè rẹ̀ ti wọ́ sísàlẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé a kò rì í mọ́lẹ̀, òkúta ni wọ́n fi tì í. Irú òpó bẹ́ẹ̀ lè wó lu ọmọ tó bá rọ̀ mọ́ ọn. A ní kí wọ́n rì í lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a kò dúró de káńsù.

Nínú ìwé tí a fi ka ènìyàn, ìlà àwọn ọmọbìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọmọ tó ń ṣojú àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ọmọbìnrin kì í fẹ́ ṣeré. Aṣojú àwọn obìnrin kò dá a lóhùn, ó kàn mú mi lọ sídìí bọ́ọ̀hóò ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ọmọ kan gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ má ì tíì kọ orúkọ mi o, Mà. Èmi máa ń sáré níléèwé. Bí mo bá dé pápá, wọ́n á ní kí n kúrò lójú góòlù." Òmíràn ní aago mẹ́rin sí méje ni òun ń bá màmá òun tajà, Sátidé láàárọ̀ nìkan ni òun rójú. Gbogbo wọn ló mọ Tobi Amusan. Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni, kò jìnnà sí wa, òun ló sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fò kọjá igi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní 2022, kò sì sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ṣáájú rẹ̀.

Bàbá Tíṣà gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn, ó mú bébà. Ibi ìsáré tó yí pápá po, ti mítà 400, kò lè gba ibí láéláé: ó máa ń gùn ju mítà 170 lọ, ó sì máa ń fẹ̀ ju 90 lọ. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún mítà gbọọrọ ńkọ́? Mítà mẹ́ta lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbéra, 17 níwájú ibi tí wọ́n ń parí sí kí ọmọ lè dúró, gbogbo rẹ̀ 120. Mítà 104 tó kù fún wa kò gbà á. Mítà 126 inú ìwé sọ́fè gbà á, ó tún ṣẹ́kù. Abẹ́ búlọ́ọ̀kù ni eré àwọn ọmọbìnrin wa wà.

Nígbà tí a fẹ́ kọ ìwé, a jiyàn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ní kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí pápá ká kí owó lè máa wọlé fún àtúnṣe. Mo lòdì sí i, mo ṣì lòdì sí i: ṣọ́ọ̀bù máa ń tóbi, pápá kì í tóbi. Ohun tí a béèrè lọ́wọ́ káńsù kò pọ̀: kí wọ́n dá ààlà àtijọ́ padà, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, kí wọ́n fún wa níná. Púlọ́ọ̀tì kan tó ṣófo lẹ́yìn iléèwé, a ní kí wọ́n fi ṣe pápá fọlibọ́ọ̀lù. Mítà 18 sí 9 péré ni, ilẹ̀ tí wọ́n máa fi sílẹ̀ yí i ká náà á wọ̀ ọ́. Tábìlì wákàtí ni àwa fúnra wa ṣe. Sátidé láàárọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin, lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti rìn tán. Àwọn ìyá gba ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta kánópì gbọ́dọ̀ sọ fún wa ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ihò sójú góòlù. Àwọn onísẹ́ẹ̀tì bínú, wọ́n tún gbà.

Yanrìn ti kúrò báyìí, kọ̀ńténà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ní òun ti san owó dé ìparí ọdún. Àwọn lánlọ́ọ̀dù dáwó gọ́tà, wọ́n ti gbẹ́ apá kan. Iná sólà ló kù. Kóòṣì ti lọ béèrè iye òpó mẹ́rin, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a tètè rà á. Bàbá Tíṣà ní kí a kọ́kọ́ yan ẹni tó máa máa pa á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.