Owó-Orí Tí Kò Lórí

₦114,000 ni álátì oṣù àkọ́kọ́ gbé wá. ₦120,000 ló wà nínú lẹ́tà tí iléeṣẹ́ fún mi. Báǹkì ni mo kọ́kọ́ ṣépè fún.

Mi ò tíì di òṣìṣẹ́ wọn nígbà náà o. Iléeṣẹ́ kan ní Wuse, ní Àbújá, ló kó àwa mẹ́sàn-án jọ láti fi oṣù mẹ́ta kọ́ wa níṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024, kí ẹni tó bá yege bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lásán ni mo ka owó tí wọ́n ń fún wa sí. Bùọ̀dá kan ní akáùńtì, ọmọ Ọ̀ffà, ló là mí lójú: "Àbúrò, o ò tíì sí nínú ìwé owó oṣù, a ò lè yọ PAYE, owó-orí òṣìṣẹ́, lára owó ẹ. Bí ẹni tá a gbéṣẹ́ fún la ṣe kà yín. Withholding, owó-orí tá a ń yọ sílẹ̀ ká tó sanwó, la yọ, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún." ₦18,000 lóṣù mẹ́ta.

Ó burú, ṣùgbọ́n mo gbà. TIN, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ń san owó-orí, àti fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì owó-orí ò gba àlàyé. Ìṣirò ni mo fẹ́ fi yangàn, torí ìṣirò ló jẹ́ kí n ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo owó náà jẹ́ ₦360,000. Òfin ìgbà yẹn yọ̀ǹda ₦200,000 àti ìdá kan nínú márùn-ún owó náà, ₦72,000, tí wọn ò ní fọwọ́ kàn. Ó ku ₦88,000. Náírà méje lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦6,160. Wọ́n sì ti yọ ₦18,000!

Mo gbéra ní Kubwa, inú mi ń dùn pé ìjọba jẹ mí lówó. Màmá tó wà ní kàńtà ọ́fíìsì owó-orí rí orúkọ mi, ló bá yí sí Yorùbá: "Ọmọ mi, kò sí kọ́bọ̀ lórúkọ ẹ níbí o. Wàá san ₦6,160 yẹn."

San kí ni?

Mo padà sí Wuse. Akáùńtì ní àwọn ti san án, rìsíìtì rèé. Lóòótọ́ rìsíìtì wà, ẹyọ kan ṣoṣo fún àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo ní kí wọ́n fi ìwé tó tẹ̀ lé e hàn mí. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, Trainee 1, Trainee 2, títí dé 9 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Níbi TIN, òdo ló tò lọ bí ẹyin. Èmi tí wọ́n sọ lórúkọ mẹ́rin lọ́jọ́ ìkómọ, Trainee 6 ni mo jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Trainee 6 fi wá orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà àtúnṣe. Ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i wà ní Kano. Ó dé, wọ́n gbàgbé òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ wọlé, ọ́fíìsì owó-orí ní TIN àwọn mẹ́jọ tó kù dà, àwọn ò lè tún ti ẹnì kan ṣe. Mo wá di ẹni tó ń pe Trainee kọ̀ọ̀kan lálẹ́. Méjì nínú wọn ò tiẹ̀ ní TIN rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fi fọ́ọ̀mù tèmi àti ẹ̀dà rìsíìtì sílẹ̀ ní March 28, nítorí March 31 ni gbèdéke. Mi ò san ₦6,160 kankan.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n béèrè nọ́ńbà akáùńtì mi ni ǹ bá ti kọ TIN sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ǹ bá sì máa gba ìwé ẹ̀rí withholding lóṣooṣù. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí tilẹ̀ ríre: láti January 2026, òfin tuntun ò gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún.

Ní oṣù karùn-ún, orúkọ mi jáde. ₦11,840 tó ṣẹ́ kù, wọ́n ní kó dúró de owó-orí mi tó ń bọ̀. Mo ti ná jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọkọ̀ Kubwa. Trainee 4, tí ò fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì yẹn rí, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.