Ìkórè Kan, Oṣù Méjìlá: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Àgbẹ̀ Tí Owó Kò Pọ̀ Lọ́wọ́ Wọn

Ẹni tó ń gba owó oṣù mọ̀ pé bí oṣù yìí bá le, òmíràn ń bọ̀. Ti àgbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Òkè-Ògùn tí a kọ ìwé yìí fún, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni owó gidi ń wọlé lọ́dún: nígbà tí a bá ya àgbàdo àkọ́kọ́ ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, àti nígbà tí àgbàdo kejì, ẹ̀wà àti iṣu bá jáde láti oṣù kọkànlá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí òjò bá tún rọ̀. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni ebi ti ń wọ ilé àgbẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí pé àwọn oṣù yẹn gan-an ni oko ń fẹ́ agbára jù.

Mo rí i nílé tiwa. Ọdún kan tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kó gbogbo àgbàdo fún alájàpá ní oṣù kejìlá. Ọdún ń bọ̀, òrùlé ń jò, gbèsè sì wà nílẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ìyá mi ń fi kóńgò ra àgbàdo lọ́jà, ìlọ́po méjì iye tí a tà á ni wọ́n sì ń rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàdo wa náà ni wọ́n ń rà padà.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń bẹ̀ yín fún: kí oúnjẹ ọdún kọ́kọ́ yọ lára ìkórè kí ẹ tó ta ìyókù. Àwọn ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e kàn ń ti èyí lẹ́yìn ni.

ẸKA OÚNJẸ: Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ KA OWÓ

Ẹ má fojú díwọ̀n oúnjẹ. Ẹ mú kóńgò. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹni tó ń dáná máa sàmì sínú ìwé tàbí sára ògiri nígbàkígbà tó bá wọn àgbàdo fún ògì, tó bá wọn ẹ̀wà, gàrí tàbí èlùbọ́. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ ka àmì náà. Ká ní kóńgò àgbàdo márùn-ún ni ilé jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje tí àgbàdo tútù máa ń dé, bí ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ni. Kóńgò 150 nìyẹn. Ẹ fi 20 kún un nítorí àlejò àti àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá sinmi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà náà. Iye tí ẹ bá rí yẹn kì í ṣe ọjà mọ́. Bí alájàpá bá dé, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó fojú kàn án.

Ẹ yọ irúgbìn sọ́tọ̀ pẹ̀lú: àgbàdo ìbílẹ̀ tó yọmọ dáadáa, ẹ̀wà, àti èbù iṣu. Ṣùgbọ́n àgbàdo haibiríìdì tí a rà nínú ọ̀rá, ẹ má tọ́jú èso rẹ̀ fún gbígbìn. Bí a bá tún un gbìn, kì í so bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Jíjẹ ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Oúnjẹ tí a tọ́jú tí kòkòrò wá jẹ tán, ó sàn kí a ti tà á. Ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Gbígbẹ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ sá àgbàdo àti ẹ̀wà sórí tapolíìnì, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán, kì í sì í ṣe sétí títì ọlọ́dà. Láti mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ wá ìgò tó gbẹ tó ní ìdérí. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí i, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ tún un sá. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti tó tọ́jú. Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà, ìgò àti iyọ̀ náà ti wà nílé.

Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ ṣà á kúrò. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára. Májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń wà nínú irú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, bí a sì ti wù ká sè é tó, iná kì í pa á. Kò dára fún adìyẹ náà.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ dì í síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè wọlé. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1987 nítorí ẹ̀wà, ó sì ti dé ọjà wa tipẹ́. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun kan ló bo wọ́n. Ẹ da oúnjẹ sínú ọ̀rá tó wà nínú pátápátá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ so ó pinpin, ẹ ṣẹ́ ọrùn náà po, kí ẹ tún un so. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì, kí ẹ tó wá so àpò ìta. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀, ẹ fẹ́ pàǹtí àti igi wẹ́wẹ́ kúrò kó má baà lu ọ̀rá. Ẹ gbé àpò náà lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, níbi tí eku kò ti lè dé. Bí ẹ bá ti ń tú u lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, èyí tí ẹ ó máa bù jẹ, ẹ kó o sínú nǹkan kékeré lọ́tọ̀. Ìdílé tí kò lágbára àpò yìí lè lo kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ. Kí ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí ìdérí rẹ̀ sì le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n òtapiápíá sára ẹ̀wà tàbí àgbàdo jíjẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é lọ́jà. Oògùn yẹn kò yàtọ̀ sí májèlé fún ènìyàn, ó sì ti pa ìdílé lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ rí.

Iṣu tó bá ní egbò lára kì í pẹ́ nínú àká. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe èlùbọ́ nígbà ọyẹ́, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ̀gẹ́ sì ni báǹkì tí kò ní ìwé: ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù méjìlá sí méjìdínlógún, kí ẹ máa wú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ẹnì kan wá fi owó hàn yín.

OWÓ TÓ KÙ

Lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti yọ, kí ọkọ àti ìyàwó jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú. Nílẹ̀ wa, àpò ọkọ lọ́tọ̀, àpò ìyàwó lọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ dà wọ́n pọ̀. Kí kálukú ṣáà sọ èyí tí òun máa gbé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ọbẹ̀ tí ìyàwó kò mọ ọjọ́ tó máa dé ló máa ń di àwìn.

Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ká ní ₦1,200,000 ni ìkórè méjèèjì mú wá. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oko, ìyẹn irúgbìn, ajílẹ̀, lébìrà àti katakata: ₦300,000. Owó ilé ìwé: ₦250,000. Àìsàn àti pàjáwìrì: ₦100,000. Ohun tó gbọ́dọ̀ di títúnṣe nílé: ₦70,000. Ó ku ₦480,000, tó jẹ́ ₦40,000 lóṣù, fún epo, iyọ̀, ọṣẹ, ẹja, owó ọkọ̀ àti fóònù.

Ibi tí mo ti rí i tó ń dàrú ni pé wọ́n máa ń pín in dọ́gba, ọdún kò sì rí dọ́gba. Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, ẹ̀fọ́ wà lóko, àgbàdo tútù wà, iṣu tuntun ti dé. ₦30,000 lè tó. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹfà, ata àti ẹ̀fọ́ wọ́n, ara sì ń fẹ́ oúnjẹ gidi; ẹ ya ₦50,000 sọ́tọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́rin yòókù á jẹ́ ₦40,000. Ẹ rò ó pọ̀, ₦480,000 náà ni.

Owó ilé ìwé, láti ara àgbàdo àkọ́kọ́ ni kó ti wá, torí oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé, ìkórè kejì kò sì tíì dé. Ajílẹ̀, ẹ rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí owó wà lọ́wọ́, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo ayé ló ń wá a. Ẹ sì má ta ọjà gbogbo ní ọjọ́ kan: ẹ ta díẹ̀ ní oṣù kejìlá fún ohun tó kánjú, ẹ fi díẹ̀ dúró de oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

INÚ ILÉ ÌDÁNÁ

Ẹ̀yìnkùlé tí omi tí a fi fọ abọ́ ń ṣàn sí, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata àti igi ewúro kan tó owó ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ilá bá pọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń rà á, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a, òrúnlá nìyẹn fún oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Irú kò wọ́n lágbègbè wa. Ẹ má jẹ́ kí magí gba ipò rẹ̀.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, kí ẹ sì dé ìkòkò, igi ìdáná á dín kù gan-an. Ààrò amọ̀ tó bo ìkòkò yí ká tó sì ní ẹnu kékeré kì í jẹ igi tó ààrò olókùúta mẹ́ta, amọ̀ rẹ̀ sì wà létí odò.

ÀÁRÓ

A ti ń gbàgbé ọ̀nà tí àwọn bàbá wa fi ń ro oko láìsan owó. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ bá ara yín dá àáró: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Owó lébìrà ló ń gbé owó oko lọ jù. Ọ̀wẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ohun mímu tí a ń fi ṣe é lè ju owó iṣẹ́ lọ; ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó pè é.

GBÈSÈ ÀTI ÌNÁWÓ

Ẹ sá fún owó sógúndógójì. Ẹni tó yá a ní oṣù karùn-ún ti ta àgbàdo oṣù kẹjọ kó tó hù. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwé rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò, tó ń yáni lówó ní èlé kékeré. Àjọ ojoojúmọ́ dára fún obìnrin tó ń tajà, bí alájọ tilẹ̀ ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èésú dára fún ohun ńlá bíi páànù. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ pé oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ó kàn yín.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ló le jù láti sọ. Ọ̀dájú ló bí owó, ìtìjú ló bí gbèsè, bẹ́ẹ̀ a kì í ṣe ọ̀dájú sí ẹbí wa. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ìdílé dá iye owó ìnáwó ọdún lákòókò ìkórè, bóyá ₦30,000 láti inú owó oṣù tí ọwọ́ gbòòrò, kí wọ́n sì máa mú ẹ̀bùn lọ́wọ́ lọ dípò aṣọ nígbà tí èyí bá ti tán. Ẹni tó bá lọ bá onínàáwó náà ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tó gún iyán tàbí tó pọn omi, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè aṣọ.

Àjẹsára ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Ẹ sì gba abẹ́rẹ́ fún adìyẹ kí ọyẹ́ tó dé, torí lúkúlúkú lè pa gbogbo agbo láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Adìyẹ mẹ́wàá tó wà láàyè ni owó oògùn tí ẹ kò ní yá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹta, ẹ tún mú kóńgò àti ìwé náà jáde. Ẹ ka àpò tó kù, ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó kù kí àgbàdo tútù tó dé. Bí oúnjẹ kò bá ní tó, ìgbà yẹn ṣì dára láti ta ewúrẹ́ kan kí ẹ fi ra àgbàdo kó tó wọ́n. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ tà á ní oṣù karùn-ún. Àpò PICS tó bá ṣófo, ẹ fi omi kún ọ̀rá rẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Bí kò bá jò, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ ká a jọ, ẹ so ó kọ́ síbi tí eku kò ní rí i, kí ẹ lè lò ó ní oṣù kẹjọ.