Ẹ má tíì pa fáìlì dé torí pé malaria jáde

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì tó ń tara ẹranko àti kòkòrò bọ́ sára èèyàn, ọ̀rọ̀ malaria ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Téésì bá ti gbé malaria jáde báyìí, ó parí, wọ́n á pa fáìlì dé. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fẹ́ yẹ̀ wò tẹ́ ò lè bá malaria díẹ̀ níbẹ̀? Ibà Lásà lè wà lábẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́, pàápàá lápá Ọ̀wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí aláìsàn bá lo oògùn malaria tán tí ibà ò lọ, ẹ má dúró dìgbà tẹ́jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu kẹ́ ẹ tó rántí Lásà, ọ̀pọ̀ tó ní in ni ò ní ṣẹ̀jẹ̀ rárá.

Sáńpù náà, ẹ má kó o sí frísà tí NEPA ń fi ṣeré, kó yọ́ kó tún dì, kó tún yọ́. RNA, ìyẹn èròjà àbùdá inú fáírọ́ọ̀sì, kì í pẹ́ bàjẹ́. Tí PCR, ìyẹn téésì tó ń wá RNA yẹn, bá ní kò sí nǹkan kan, ṣé kò sí lóòótọ́ ni àbí iná ló bà á jẹ́?

Ti àńtíbọ́dì, ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àìsàn jà, ló tún wá le jù. Dengue, Zika àti ibà pọ́njú, àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, téésì IgG (irú àńtíbọ́dì kan) sì máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ẹni tó kàn gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lè gbé dengue jáde. Ẹ má sáré kéde pé Zika ti wọ̀lú o.

Ẹ wo eégbọn náà. Ara eégbọn màlúù n'Ìbàdàn ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì Dugbe ní 1964, ṣùgbọ́n eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ẹ̀jẹ̀ màlúù ló kún ikùn ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ lè jẹ́ ti màlúù. Ẹ ya èyí tó yó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tébi ń pa. Eku ńkọ́? Abo Mastomys, eku tó ń gbé Lásà kiri, ní ọmú tó lè tó 24, ìyẹn ò le láti mọ̀, akọ àtọmọ wẹ́wẹ́ ló ń dàrú mọ́ni lójú, DNA ni kẹ́ ẹ fi dá wọn mọ̀. Ẹ má sì da eku yòókù nù, ní 2016 wọ́n kéde pé Lásà wà lára Hylomyscus pamfi ní Nàìjíríà.

Ní 1969, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì Jordi Casals kó Lásà ní láàbù Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ti là á já ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀ tó fi yè, téknísíànì kan níbẹ̀ tí ò tiẹ̀ fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún kú. Torí náà, láàbù tí ò ní BSL-4, ìyẹn ipele ààbò tó ga jù lọ, kó pa fáírọ́ọ̀sì inú sáńpù kó tó yọ RNA, inú cabinet ààbò tí kì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì fò jáde sì ni wọ́n ti ń ṣí túùbù yẹn, kì í ṣe orí tábìlì nídìí fáànù.