Mẹ́fà Lórúkọ, Mẹ́rin Lójú Ìjà: Bí Mo Ṣe To Ikọ̀ Pokémon Mi

Àwa kan tí a jọ ń lọ sí LAUTECH fẹ́ ṣe ìdíje Pokémon, gémù tí èèyàn ti ń kó àwọn ẹ̀dá alágbára jà, láàárín ara wa, ní yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Under G. Méjì-méjì la fẹnu kò sí pé a máa jà, kì í ṣe ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbá ti ẹlẹ́yọ kan, kò sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí mi níbẹ̀. Ti méjì-méjì, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò rẹ̀. Àwọn yòókù lọ ń da ikọ̀ ẹlòmíì kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ní rárá, n ó to tèmi fúnra mi, torí ẹni tó bá da ikọ̀ kọ kì í mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi wà níbẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà ló máa ń hàn.

Òfin VGC la tẹ̀ lé, ìyẹn òfin ìdíje tí ilé-iṣẹ́ Pokémon fúnra rẹ̀ ń ṣe káàkiri ayé. Mẹ́fà ni wàá kó wá. Ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń jà á rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ara yín, ẹ ó wá ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láti mú mẹ́rin nínú wọn. Méjì á kọ́kọ́ jáde, méjì á wà lẹ́yìn. Level 50, ìyẹn ìwọ̀n ìdàgbà kan náà, ni gbogbo wọn máa wà. Ẹ̀dá kan náà kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ikọ̀, ẹ̀dá méjì kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù kan náà dání. Nínú Scarlet àti Violet, gémù tó jáde ní 2022, Regulation H la mú, nítorí ó yọ àwọn Pokémon àrà ọ̀tọ̀ tí agbára wọn ti pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní Switch, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá gémù náà, nínú wa. Pokémon Showdown la ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, inú bíráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà, àní fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ náà á gbé e. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn kò ní í tọ́ Pokémon dàgbà: ohunkóhun tí o bá fẹ́ kí ó mọ̀ tàbí kí ó gbé dání, wàá kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó parí.

Méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà. Tí o bá kó alágbára mẹ́fà jọ, alágbára mẹ́fà náà lo ní, kò tíì di ikọ̀. Ìbéèrè tí mo bi ara mi ni pé: ta ló lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ta, tí iṣẹ́ ẹnì kan á fi rọ ẹnì kejì lọ́rùn? Mo mú Ursaluna, béárì ńlá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ilẹ̀ àti ẹ̀yà Normal, àti Farigiraf, àgùnfọn tó jẹ́ Normal àti Psychic. Ẹ̀yà yìí ló ń sọ ohun tó lè pa ẹnì kan àti ohun tí kò ràn án.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn méjèèjì dáadáa, torí àwọn ni òpó ilé. Ẹ̀bùn àbínibí Ursaluna tèmi ni Guts: tí àìsàn bá ti mú un, agbára rẹ̀ á lọ sókè ní ìdajì. Mo wá gbé Flame Orb lé e lọ́wọ́, ohun tó máa ń jó ẹni tó gbé e dání ní ìparí turn, ìyẹn ìgbà kan tí gbogbo wọn bá ti ṣe tiwọn. Ẹlòmíì tí iná bá jó, agbára rẹ̀ á já sí ìdajì, ṣùgbọ́n Guts kò jẹ́ kí ìyẹn ran Ursaluna. Ìkọlù tó ń lò, Facade, ní agbára 70, tí iná bá sì ti mú ẹni tó ń lò ó, á di 140. Iná yẹn ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní turn kọ̀ọ̀kan, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ti mú, kò sí ẹni tó tún lè kùn ún lóorun. Ìṣòro Ursaluna kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń falẹ̀ bí ẹni pé kò ní í dé.

Ibẹ̀ ni Farigiraf ti wọlé. Trick Room ló ń ṣe, ìyẹn àṣẹ tó ń yí ètò padà fún turn márùn-ún, tí ẹni tó falẹ̀ jù á fi kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété kò ṣàjèjì sí irú rẹ̀, wọ́n ní ibi wa ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n Trick Room gan-an ló máa ń gbẹ̀yìn nínú turn tí o bá pè é, gbogbo èèyàn ló máa ti kọ lù ọ́ kí ó tó wáyé. Turn tí o bá pè é sì wà lára márùn-ún yẹn, mẹ́rin péré ló kù fún ọ láti jẹun.

Turn àkọ́kọ́ báyìí: Ursaluna lo Protect, kò sí ohun tó kàn án. Farigiraf pe Trick Room. Ní ìparí turn náà, Flame Orb jó Ursaluna. Nígbà tí turn kejì bá bẹ̀rẹ̀, ètò ti yí, Guts ti ń ṣiṣẹ́, Facade ti di 140. Ohun tí mo fi yan Farigiraf dípò àwọn yòókù tó mọ Trick Room ni ẹ̀bùn rẹ̀, Armor Tail. Nínú ìjà méjì-méjì, Fake Out ló ń ba irú ètò yìí jẹ́ jù: ó máa ń yára ju gbogbo àṣẹ lásán lọ, ẹni tó bá sì bà kò ní í lè ṣe ohunkóhun ní turn yẹn. Armor Tail kò jẹ́ kí àwọn àṣẹ tó ń gba iwájú bẹ́ẹ̀ kan Farigiraf tàbí ẹnì kejì rẹ̀. Incineroar tó jẹ́ ológbò oníná àti Rillaboom, tí gbogbo èèyàn ń kó kiri torí Fake Out, á kàn dúró síbẹ̀ ni.

Mo wá jókòó ti nọ́ńbà. Ní Level 50, tí mo bá fún Ursaluna ní ìwà Brave tó ń dín eré kù, tí mo sì fi IV eré rẹ̀ (iye tí wọ́n fi bí i) sí òdo, eré rẹ̀ á jẹ́ 49. Farigiraf bọ́ sí 58. Incineroar tí wọn kò fi kún eré rẹ̀ ń sá 80. Nítorí náà lábẹ́ Trick Room, béárì mi á ti gbá Incineroar kí ìyẹn tó la ojú. Ti EV, ìyẹn àmì tí èèyàn ń pín kún agbára kọ̀ọ̀kan, 510 ni àpapọ̀, 252 ni èyí tó pọ̀ jù níbì kan. Ẹ kíyè sí i pé ní Level 50, 4 àkọ́kọ́ ló ń fún yín ní ẹyọ kan, lẹ́yìn náà 8, 8 ni. Ẹni tó bá tẹ 10 síbì kan ti fi 6 ṣòfò.

Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin ni mo fi wá ìdáhùn sí ohun tí ń pa Ursaluna. Ẹ̀yà Ìjà ló ń kó jìnnìjìnnì bá a, Sneasler gan-an sì lèyí tó burú jù, ẹ̀yà Ìjà àti Oró, eré rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gholdengo, ẹ̀dá tí owó góòlù bo gbogbo ara rẹ̀, jẹ́ Irin àti Iwin (Ghost): Ìjà kò ràn án, Oró kò ràn án. Ohun tí Sneasler gbójú lé jù, asán ni lára Gholdengo. Mo fi Talonflame sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwòdì oníná, tí ẹ̀bùn Gale Wings rẹ̀ ń jẹ́ kí àṣẹ ẹ̀yà Fò gba iwájú níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣì pé. Tailwind jẹ́ ẹ̀yà Fò. Ó ń sọ eré àwọn tiwa di ìlọ́po méjì fún turn mẹ́rin, Gholdengo tó ń sá 149 á di 298, á sì fi Make It Rain rọ owó lé àwọn méjèèjì lórí. Àṣẹ tó bá ń kan ju ẹnì kan lọ kì í ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn tí ẹ bá ń ṣírò. Talonflame tún ní iṣẹ́ kan tí n kò kọ́kọ́ rò: Earthquake ń kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ náà, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò sí nílẹ̀, Ursaluna lè mi gbogbo ayé tí ara àwòdì kò ní í gbọ́.

Báyìí ni ikọ̀ mi fi ní ọ̀nà méjì, ti ẹni tó ń falẹ̀ àti ti ẹni tó ń sáré, ẹni tó bá sì rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ní í mọ èwo ló ń bọ̀.

Amoonguss àti Incineroar ló kún un. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń lò wọ́n. Amoonguss, olú tó ń rìn, ní Spore tí kì í tàsé, ó sì ní Rage Powder tó ń fa gbogbo ìkọlù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́rùn Ursaluna. Méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ lára ẹ̀yà Koríko, ẹni tó bá gbé Safety Goggles dání náà á kàn máa wò ó. Incineroar ń fi Intimidate dín agbára àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ kù bó bá ti ń wọlé. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń mú Amoonguss kò ní ọ̀pọlọ tirẹ̀. Iṣẹ́ ni mo ń wò, n kò wo ojú. Sejun Park, ọmọ Kòríà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2014 ní Washington, D.C., Pachirisu tó jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré sì wà nínú ikọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní idán. Kì í ṣe idán rárá: Follow Me ló fi ń fa ìkọlù mọ́ra, mànàmáná kò sì lè ṣe é ní ibi torí Volt Absorb. Gyarados tí mànàmáná ń pa wá rí ààyè jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹrù tí wọ́n gbé dání kò gba àkókò. Sitrus Berry fún Farigiraf, Life Orb fún Gholdengo, Focus Sash fún Talonflame, Rocky Helmet fún Amoonguss, Safety Goggles fún Incineroar.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìwé kékeré tí mo ń kọ sí. Orúkọ irú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo lè pàdé ni mo kọ sí apá òsì. Lápá ọ̀tún, mẹ́rin tí mo máa mú, àwọn méjì tó máa kọ́kọ́ jáde, àti ìdí tí méjì yòókù á fi jókòó sílé. Tí n kò bá lè kọ ìdí tí méjì fi jókòó, á jẹ́ pé n kò tíì mọ ìjà yẹn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní SS2 ni mo ń bá dán an wò nílé wa ní Sábó, á fi fóònù, èmi á fi láptọ́ọ̀pù, títí tí wọ́n á fi mú iná lọ.

Ọmọ yẹn lójú. Nígbà tí ó gbé Kingambit wá, mo ti fẹ́ tẹ Incineroar, ó ní:

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ mú ológbò yẹn jáde sí èyí?"

"Kí ló dé?"

"Defiant ni tèmi o. Ẹ má ní n kò sọ fún yín."

Òótọ́ ni. Intimidate á fa agbára Kingambit sílẹ̀ ní ìpele kan, Defiant á gbé e sókè ní méjì. Ìrànlọ́wọ́ ni wàá ṣe fún ọ̀tá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: bí Kingambit bá wà, Incineroar jókòó. Farigiraf máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà Òkùnkùn ń dùn ún, torí Sucker Punch tí Kingambit ń lò wà lára àwọn àṣẹ tó ń gba iwájú, Armor Tail á sì dá a dúró. Headlong Rush, ìkọlù ẹ̀yà Ilẹ̀ tí Ursaluna ní, á parí ìyókù.

Fún àwọn olójò, Pelipper àti Archaludon, àwọn oníná méjèèjì, Talonflame àti Incineroar, jókòó, òjò kò ní í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Amoonguss àti Ursaluna lábẹ́ Trick Room ló máa ń bá wọn wí. Fún Rillaboom, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé n kò gbọdọ̀ lo Earthquake, nítorí koríko tó ń tẹ́ sílẹ̀ máa ń sọ agbára rẹ̀ di ìdajì. Kò kan Headlong Rush.

Ìjà tó kẹ́yìn ní Under G, ẹni tí mo bá pàdé kó Hatterene àti Torkoal jáde. Torkoal ni ìjàpá eléèédú tó ń mú oòrùn wá, tí Eruption rẹ̀ jẹ́ 150 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pé. Eré rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé 22, ti Hatterene dé 30. Nínú Trick Room, àwọn méjèèjì á ṣáájú Ursaluna mi. Mo mọ̀ pé Hatterene ò ní í ṣe ohun mìíràn ju Trick Room lọ ní turn àkọ́kọ́, Trick Room tí wọ́n bá sì pè nígbà tí ọ̀kan ti wà nílẹ̀, ńṣe ló ń pa á rẹ́. Èmi náà tẹ Trick Room. Ursaluna lo Protect. Eruption jó Farigiraf títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi kù táátà. Farigiraf tó ń sá 58 pe tirẹ̀ ṣáájú, Hatterene pe tiẹ̀ lé e, kò sí Trick Room mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ni yàrá pariwo, "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe?"

Flame Orb ti jó Ursaluna. Ní turn kejì, 49 ló ń sá, 22 ni Torkoal. Headlong Rush ẹyọ kan, ìjàpá ṣubú.